Aláyọ̀ tàbí Aláìyó?

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà. Olùkọ́ wa ń ka eré orí ìtàgé kan sí wa létí, eré tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan kọ, ó wá dé ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan ti ń pe ọmọbìnrin tó ń dẹnu kọ ní orúkọ tuntun. Alaiyo. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Olùkọ́ wa kì í ṣe Yorùbá. Ó gbójú sókè, ó ní báwo ni àwa tá a ni èdè ṣe ń pè é? Gbogbo kíláàsì fọhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Aláyọ̀!" Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹni tó ní ayọ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó. Inú wa dùn, ó ṣe wá bíi pé àwa náà mọ nǹkan kan tí ìwé òyìnbó kò mọ̀.

Fótókópì ni gbogbo wa ń lò. Ẹnì kan ló ra ìwé, àwọn tó kù lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan lẹ́bàá géètì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń gbé bébà méjì pọ̀ bí oòrùn bá ti mú. Ojú ìwé tí Asagai, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ti ń dágbére fún ọmọbìnrin náà kò sí nínú tiwa. A ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. A dé ìdánwò, a kọ ọ́ pé ó sọ ọ́ ní Aláyọ̀ nítorí ayọ̀ tó rí lára rẹ̀. A yege.

Ó ju ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó ní odindi ìwé náà. Ní Dùgbẹ̀, láàárín àwọn ìwé àlòkù tí wọ́n tò sórí ọ̀rá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ni mo ti rí A Raisin in the Sun ti Lorraine Hansberry. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, orúkọ ẹlòmíràn sì wà nínú rẹ̀. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí fótókópì wa ti fò, mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Beneatha, ọmọbìnrin náà, takú pé òun fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ òun. Ta ló mọ̀ bóyá òmùgọ̀ ni ọkùnrin yìí ń pe òun. Asagai rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bó bá ti kúrò nínú èdè kan bọ́ sínú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo pe orúkọ náà sókè nínú òkùnkùn. A-láì-yó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀ rárá. Yó tí ọmọdé máa ń sọ pé òun ti yó, kí wọ́n má bù sí i mọ́, ni. Aláìní, aláìsàn, aláìmoore, aláìyó. Ọ̀rọ̀ náà wà níwájú wa kedere, lẹ́tà i sì wà láàárín rẹ̀ bí ìka tó nà sí wa, a fò ó. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn bàbá wa máa ń kọ ayé ní aiye, wọ́n ń kọ àyà ní aiya. Ojú wa ti mọ́ i tí kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe. A rí Alaiyo, ojú yọ i kúrò fúnra rẹ̀, ó di Aláyọ̀. Tàbí kẹ̀, bóyá ó kàn wù wá kó jẹ́ ayọ̀ ni. Ta ló máa gbọ́ pé ọmọ Yorùbá wà nínú eré tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, tí yóò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ebi ló gbé lọ síbẹ̀?

Ká má purọ́, kò sí ọkùnrin Yorùbá tí yóò pe olólùfẹ́ rẹ̀ ní Aláìyó. Bí mo bá pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́jà Bódìjà, ìjà ni. Wọ̀bìà là ń pe ẹni tó jẹ tí kò yó, ọ̀kánjúwà là ń pe ẹni tó ní tí kò tó o. Ọkùnrin tó bá fẹ́ wọ obìnrin lójú nílẹ̀ wa, oríkì ló máa wá: Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àníkẹ́, Àṣàkẹ́. Nítorí náà, ìfura Beneatha pé èébú lè wà nínú orúkọ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gidi gan-an. Ohun tí a fi ń búni nílé ni ọmọkùnrin yìí mú, ó fi ṣe oríkì fún ọmọ Chicago, ọmọ náà sì gbà á pẹ̀lú ọpẹ́, nítorí ó dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀.

Mo wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tún gbogbo eré náà kà pẹ̀lú orúkọ yìí lọ́wọ́.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, ní ìgbà kan lẹ́yìn ogun Hítílà. Ìdílé Younger, ènìyàn márùn-ún, ń gbé ní apá gúúsù Chicago, nínú ilé tí fèrèsé kékeré kan péré ti ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ilé ìwẹ̀ wà níta ní kọ̀rídọ̀, àwọn àti ará ilé kejì ló jọ ń lò ó. Travis, ọmọ inú ilé, orí àga pálọ̀ ló ń sùn. Ruth ìyá rẹ̀ ń jí i lójú oorun kó lè sáré gba ilé ìwẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gbé face-me-I-face-you rí kò nílò àlàyé. Èmi náà ti dúró rí pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànìnkànìn lọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn páànù, tí mo ń tẹ́tí sí omi tó ń dà lára ẹlòmíràn, tí mo ń ka iye ìgbà tó bu omi, tí mo sì ń bá ara mi sọ pé èyí ló máa kẹ́yìn.

Walter Lee, ọkọ Ruth, dẹ́rẹ́bà ni fún òyìnbó olówó kan. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu ló jí: òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ọtí. Ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, ẹyin ni Ruth fi ń dá a lóhùn. Jẹ ẹyin rẹ. Ẹyin rẹ ń tutù. Orí ọkùnrin náà gbóná: ọkùnrin á ní òun fẹ́ di ayé mú, obìnrin á ní kó jẹ ẹyin kó máa lọ síbi iṣẹ́. Láàárín èyí, Travis ní wọ́n ní kí àwọn mú 50 sẹ́ǹtì wá sí ilé ìwé. Ìyá ní kò sí. Bàbá kì ọwọ́ bàpò, ó fún un ní 50 sẹ́ǹtì, ó tún fi 50 mìíràn lé e, kó fi ra ohun tó bá wù ú. Ọmọ fò mọ́ ọn lọ́rùn. Kò pẹ́ sí i, lẹ́yìn tí Walter ti jáde pẹ̀lú ìbínú, ilẹ̀kùn ṣí, ó padà wọlé, kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Ó nílò owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́.

Mi ò mọ òǹkọ̀wé mìíràn tó fi dọ́là kan ṣoṣo sọ gbogbo èyí.

Ìyá mi ní òwe kan tó fẹ́ràn ju gbogbo òwe lọ: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mo gbọ́ ọ ní kékeré títí ó fi di bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì létí mi. Bí mo bá ní bàtà mi ti lu, òwe yẹn ni. Bí mo bá ní àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ ṣe ẹ̀kọ́ àfikún lọ́sàn-án, òwe yẹn náà ni. Láti orí ẹyin yìí títí dé òpin eré, ìjà tí ìdílé Younger ń jà ni pé òwe yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ebi kò pa wọ́n. Ẹyin wà nínú àwo, ó tilẹ̀ ń tutù nítorí kò sẹ́ni tó ráyè jẹ ẹ́. Síbẹ̀ ìṣẹ́ kò bùṣe. Ruth ń fẹ́ ilé ìwẹ̀ tí kò ní máa bá ẹnikẹ́ni dù. Beneatha fẹ́ di dókítà. Kó tó dé ibẹ̀, ó ti gun ẹṣin, ó ti ra kámẹ́rà, ó ti ń kọ́ gìtá báyìí, àwọn ará ilé sì ń fi í rẹ́rìn-ín pé kí ló ń wá kiri gan-an. Lena, ìyá àgbà ilé, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, ní ewéko kékeré kan tó rọ sójú fèrèsé, tí kì í rí oòrùn tó. Òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ wò láàárọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni Asagai sọ lórúkọ, àmọ́ gbogbo wọn ló ń jẹ́ ẹ.

Owó tí wọ́n ń retí ni owó adójútòfò tí bàbá wọn kú fi sílẹ̀, 10,000 dọ́là. Sọ̀wédowó dé lọ́jọ́ Sátidé. Màmá mú 3,500 nínú rẹ̀, ó fi san àsansílẹ̀ ilé kan ní Clybourne Park, àdúgbò tí òyìnbó nìkan ń gbé. Nígbà tó rí i pé ọmọkùnrin òun ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọtí, tí kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ó kó 6,500 tó kù lé e lọ́wọ́. Ó ní kó fi 3,000 pamọ́ sí báńkì fún ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀, kó máa ṣe àkóso ìyókù gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Walter kò fi kọ́bọ̀ pamọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún Willy Harris, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe ṣọ́ọ̀bù ọtí. Willy bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bobo, ọ̀rẹ́ kejì, ló wá sọ. Ó dúró nínú pálọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Walter ló ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀.

Mo ti rí Bobo rí ní ilé wa. Ojúlùmọ̀ ìdílé ni, ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti wá sọ fún ìyá mi pé ilẹ̀ tí ìyá mi fi owó àjọ ọdún mẹ́fà rà, ẹni mẹ́ta ni wọ́n tà á fún, ẹni tó ní sójà nínú ẹbí sì ti kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lọ́ fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń fún aṣọ. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Kò gbé orí sókè. Ó ṣa ẹ̀wà náà tán, ó fẹ́ ẹ, ó dà á sínú omi, kó tó wá ní, "Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jẹun?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo sì ń wo ọwọ́ ìyá mi nínú omi ẹ̀wà, tí kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé òun gan-an kò gba òwe rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá gbà pé ebi nìkan ni ìṣẹ́, ọdún mẹ́fà ló fi dá àjọ nítorí ilẹ̀?

Hansberry fúnra rẹ̀ kò gbé irú ilé yẹn. Wọ́n bí i ní Chicago ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1930. Carl, bàbá rẹ̀, ń ra ilé, ó ń fi háyà, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó lókìkí, bíi W. E. B. Du Bois ọ̀mọ̀wé àti Paul Robeson olórin, máa ń yà sí pálọ̀ wọn. Àmọ́ owó kò lè ra ibi tó bá wù ú fún aláwọ̀ dúdú láti gbé. Àwọn onílé òyìnbó á tọwọ́ bọ̀wé láàárín ara wọn pé àwọn kò ní tà, àwọn kò sì ní fi ilé háyà fún aláwọ̀ dúdú. Ní 1937, Carl ra ilé sí Washington Park, níbi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti de ilẹ̀. Èrò kó wá síwájú ilé. Wọ́n ju nǹkan wọlé gba fèrèsé, díẹ̀ ló kù kó ba Lorraine, ọmọ kékeré. Kóòtù ìpínlẹ̀ Illinois ní kí wọ́n kó jáde. Carl gbé ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Washington, ó sì jàre ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe jàre. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìwé àdéhùn náà burú. Ohun tí wọ́n ní ni pé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi de Hansberry, Hansberry kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a, nítorí náà kò lè dè é. Ó di 1948, nínú ẹjọ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Shelley v. Kraemer, kí ilé ẹjọ́ kan náà tó ní kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni fìdí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Carl kò sí láyé mọ́. Ó kú ní Mẹ́síkò ní 1946, níbi tó ti ń wá ilé tí yóò kó ẹbí rẹ̀ wá, kó lè fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ó ní owó, ó ní ilé, ó jàre.

Nítorí náà, nígbà tí Karl Lindner, òyìnbó kan láti Clybourne Park, kan ilẹ̀kùn àwọn Younger, ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í ṣe jàǹdùkú. Ó wọ kóòtù, ó mú báàgì ìwé dání, ojú ń tì í. Ó ní ẹgbẹ́ àdúgbò ló rán òun, kò sí ìkórìíra nínú ọ̀rọ̀ náà, ó kàn jẹ́ pé olúkúlùkù máa ń gbádùn ayé dáadáa láàárín irú tirẹ̀. Wọ́n ṣetán láti ra ilé náà padà ní iye tó ju èyí tí wọ́n san lọ. Wọ́n lé e jáde. Lẹ́yìn tí owó bá Willy lọ, Walter pè é padà lórí fóònù. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kó gba owó náà. Màmá kò dí i lọ́wọ́. Ó kàn ní kí Travis má kúrò níbẹ̀, kó dúró wo ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Walter bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń kólòlò, ó wo ọmọ náà, ọ̀rọ̀ náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn máa kó wọ ilé náà, nítorí bàbá òun ló fi òógùn rà á, bíríkì kan lé bíríkì.

Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Ethel Barrymore Theatre, ní Broadway ní New York, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1959. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan kò tí ì kọ eré tó dé Broadway ṣáájú rẹ̀. Ẹni ọdún 28 ni. Lloyd Richards ló darí rẹ̀. Sidney Poitier ni Walter, Claudia McNeil ni Màmá, Ruby Dee ni Ruth, Diana Sands ni Beneatha. Wọ́n ṣe é ní ìgbà 530, àwọn lámèyítọ́ New York sì fún un ní ẹ̀bùn eré tó dára jù lọ lọ́dún náà. Inú ewì Langston Hughes, tó jáde ní 1951, ló ti mú àkọlé rẹ̀: ewì tó ń béèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àlá tí wọ́n sún síwájú, bóyá ṣe ló máa ń gbẹ bí èso àjàrà nínú oòrùn. Èyí náà, ọ̀rọ̀ jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá Asagai wíjọ́ díẹ̀, nítorí òun ni ará ilé mi níbẹ̀.

Joseph Asagai lorúkọ rẹ̀. Joseph kò burú. Asagai ńkọ́? Mo ti gbìyànjú gbogbo ohùn tí mo mọ̀ lórí rẹ̀, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, kò jọ orúkọ ilé wa kankan. Ó jọ assegai, irú ọ̀kọ̀ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní gúúsù Áfíríkà. Orin tí Beneatha jó sí nígbà tó wọ aṣọ tí Asagai fún un kì í ṣe Yorùbá. Ó ń jó, ó ń pariwo ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni, Walter wọlé, ó gun orí tábìlì, ó sọ ara rẹ̀ di jagunjagun, ó ń fi Kenyatta ti Kẹ́ńyà yangàn. Ibì kan tí mo ti rí Walter yó nínú gbogbo eré náà nìyẹn, ọtí ló sì yó. Mo fẹ́ bínú sí gbogbo èyí, àmọ́ Hansberry ti ṣáájú mi rẹ́rìn-ín. Nínú ìtọ́sọ́nà tó kọ fún àwọn eléré, ó ní abẹ̀bẹ̀ tí ọmọbìnrin náà gbé dání jọ ti ará Éṣíà ju ti ọmọ Nàìjíríà èyíkéyìí lọ. Ó mọ̀ pé ọmọ náà ń ṣìnà. Ó kàn fẹ́ràn bó ṣe ń wá ọ̀nà ni.

Ohun tó dùn mí ni ibi tí Asagai ti ní, ní abúlé òun, ọ̀tọ̀ lẹni tó lè ka ìwé ìròyìn. Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, ti jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí Asagai tó gun orí ìtàgé! Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti ń kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní abúlé tirẹ̀, mi ò lè bá a jiyàn. Àmọ́ mo mọ irú ọmọ wa kan lókè òkun, tí í máa sọ ilé di aginjù kí obìnrin lè ṣàánú rẹ̀. Ó ní kí Beneatha fẹ́ òun, kó bá òun lọ sí Nàìjíríà lọ ṣe dókítà. Kí ló wá fi bẹ̀ ẹ́? Òkè, ìràwọ̀, omi tútù nínú akèrègbè. Arákùnrin mi, wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn láti 1957. Oṣù méje péré lẹ́yìn tí o gun orí ìtàgé ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn. Èwo ni ti akèrègbè?

Ṣùgbọ́n Hansberry kò gbọ́ ìròyìn wa lójú pópó. William Leo Hansberry, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìtàn Áfíríkà ní Howard University, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ṣì ń sọ pé ilẹ̀ wa kò ní ìtàn. Nnamdi Azikiwe jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ní 1963, yunifásítì Nsukka fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ wọn nípa Áfíríkà. Lorraine fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ìwé ìròyìn Freedom ti Robeson, níbi tí ọ̀rọ̀ òmìnira ilẹ̀ Áfíríkà kì í ti í tán.

Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ohun tí Asagai sọ, èyí tí mo fẹ́ràn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ kéré sí èyí tó ń dẹ́rù bà mí. Ní apá kẹta, lẹ́yìn tí owó ti lọ, Beneatha ní kí ló ń dá a lójú pé òmìnira yóò yàtọ̀, ṣé kì í ṣe olè dúdú ló máa rọ́pò olè funfun. Asagai kò sọ pé rárá. Ó ní bóyá òun á padà sílé, òun á di ẹni ńlá, òun á di mọ́ àga. Bóyá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kì í ṣe sójà òyìnbó, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ìlú òun, dúdú bíi tòun, ni yóò yọ láti inú òkùnkùn wá gé òun lọ́fun. Ó ní ìyẹn náà á jẹ́ ìlọsíwájú. Ní 1959 ló ń sọ ọ́, òmìnira ṣì ku ọdún kan ó lé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn sójà dé ilé Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, n'Ìbàdàn, wọ́n pa á. Hansberry kò gbọ́. Jẹjẹrẹ ti pa á ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1965, lẹ́ni ọdún 34.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ ìtàn eré náà fún ìyá mi. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé tó padà kọ́, lórí ilẹ̀ mìíràn, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Ó ń já ewédú. Orúkọ ló kọ́kọ́ dá a dúró.

"Aláìyó? Ta ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ Yorùbá ni, Màámi."

"Ọmọ Yorùbá ibo?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ń bá ìtàn lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Willy Harris, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó já ewé bíi mẹ́ta pẹ̀lú igi wọn mọ́ abọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí Walter ti lé Lindner, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó wá béèrè bóyá wọ́n kó lọ.

"Wọ́n kó lọ, Màámi. Ibẹ̀ ló parí sí. Ìyá àgbà ti jáde tán, ó tún padà wọlé wá mú ewéko rẹ̀."

"Lálẹ́ ńkọ́?"

"Lálẹ́ èwo?"

"Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé ilé tuntun. Àbẹ̀ní, ẹni tó kó lọ sáàárín àwọn tí kò fẹ́ ẹ, ṣé ó máa sùn ni?"

Mo ní eré ti parí. Ó ní kò lè parí síbẹ̀. Mo wá sọ ohun tí Lorraine kọ sínú lẹ́tà kan kó tó kú fún un: pé nígbà tí bàbá òun wà ní Washington nídìí ẹjọ́, ìyá òun, Nannie, máa ń rìn yí inú ilé ká láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, pẹ̀lú ìbọn Jámánì kan tí ọta kún inú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin.

Ìyá mi gbọn omi ewédú kúrò lọ́wọ́.

"Ìyẹn gan-an ni mò ń béèrè," ó ní. "Dìde, lọ bá mi wo géètì, bóyá mo ti tì í."